Wo Ẹnu Sàlẹ́ńsà Kí O Tó Ra Páàtì

Mo ra plọ́ọ̀gì mẹ́rin lọ́dún kan, mo ra kọ́ìlì lé e, síbẹ̀ mọ́tò mi ń gbọ̀n bí ẹni ibà mú, ẹnu sàlẹ́ńsà sì ń rùn fún pẹtiróòlù. Rọ́bà afẹ́fẹ́ kékeré kan tó là lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì ni gbogbo ẹ̀. Rọ́bà tí owó rẹ̀ ò tó ti ẹ̀kọ àti àkàrà!

Nítorí náà, yẹ ọkọ̀ rẹ wò fúnra rẹ. Gbé e síta gbangba. Carbon monoxide inú èéfín ò ní àwọ̀, kò ní òórùn, ó sì ń pani. Ṣáná sí i títí ẹ́ńjìnnì yóò fi gbóná dáadáa. Ooru funfun àti omi tó ń kán tótó láàárọ̀ ní Ìmọ̀ta wa níbí, pàápàá lásìkò òjò, kì í ṣe àìsàn. Bó bá gbóná tán, á lọ. Pa AC, fi gíà sí nútírà, fa hándì bíréèkì, má tẹná.

Mú pépà pélébé sún mọ́ ẹnu sàlẹ́ńsà. Kó máa fẹ́ ẹ síta ṣáá ni. Bó bá ń fẹ́ ẹ, tó tún ń fà á mọ́ra, àfàìmọ̀ kí fáàfù kan má ti jóná.

Èéfín dúdú: pẹtiróòlù pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ. Wo fílítà afẹ́fẹ́, kí rẹwáyà wá fi ẹ̀rọ wo sẹ́ńsọ̀. (Ti àwọn tírélà tó ń lọ sí ilé iṣẹ́ ìrẹsì Ìmọ̀ta ò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí o, dísẹ́ẹ̀lì ni tiwọn.) Búlúù: ọ́ìlì ń jó. Funfun tí kò lọ, tí omi ráyédétọ̀ sì ń dínkù: gásíkẹ́ẹ̀tì.

Bó bá jẹ́ òórùn pẹtiróòlù nìkan, àwọn rọ́bà afẹ́fẹ́ ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì ni kí o kọ́kọ́ fura sí. Nígbà tí a ò tẹná ni ẹ́ńjìnnì ń fa afẹ́fẹ́ lágbára jù, ibi tí rọ́bà ti là á sì máa fà á wọlé, pẹtiróòlù ò sì ní jó tán. Wọ́n omi ọṣẹ díẹ̀ sára àwọn rọ́bà náà lọ́kọ̀ọ̀kan, má jẹ́ kó kan wáyà. Ibi tí ohùn ẹ́ńjìnnì bá ti yí padà, ibẹ̀ ló ti là.

Bó o bá rí ẹni tó ní ẹ̀rọ tí wọ́n ń kì bọ sàlẹ́ńsà láti fi wọn èéfín, pe jórinjórin kó kọ́kọ́ dí ihò ara páìpù, torí afẹ́fẹ́ ìta á mú kí ẹ̀rọ purọ́. Ní Yúróòpù, carbon monoxide ọkọ̀ tó ní kátálísì, ìyẹn ohun tó ń fọ èéfín mọ́ nínú sàlẹ́ńsà, kò gbọdọ̀ ju 0.5% lọ láìtẹná. Ti àwọn ọkọ̀ tuntun kéré sí i. Ẹni tó bá sì ní kí o jẹ́ kí òun gé kátálísì náà kúrò, kí o bi í pé èló ló fẹ́ tà á. Irin olówó ńlá bíi platinum wà nínú ẹ̀.