"Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀" Kọ́ Ni Ti Bọ́ọ̀lù Orí Tábìlì

Ní sáà tó kọjá, olùkọ́ wa ní kí a túmọ̀ ìròyìn eré ìdárayá sí Yorùbá. Mo mú ti ìdíje bọ́ọ̀lù orí tábìlì tí ó máa ń kádìí ọdún, èyí tí àjọ àgbáyé kọ́kọ́ ṣe ní Tianjin, ilẹ̀ Ṣáínà, ní ọdún 1996. Àwọn tí àmì wọn pọ̀ jù nínú àwọn ìdíje ọdún náà ni wọ́n máa ń pè síbẹ̀.

Mo kọ ọ́ pé: "Ní ọdún 2018, ní Incheon, Kòríà Gúúsù, Tomokazu Harimoto, ọmọ ọdún 15 láti Jàpáànù, na Lin Gaoyuan nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ àṣekágbá ìdíje àṣekágbá."

Olùkọ́ wa bi mí pé, "Ṣé ẹsẹ̀ ni wọ́n fi gbá a?" Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín, ojú tì mí.

Àṣìṣe méjì ni mo ṣe. Èkíní, fífi ẹsẹ̀ wọn ẹsẹ̀ ni ìpìlẹ̀ "ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀". Ó yẹ bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá, ṣùgbọ́n ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbá ti orí tábìlì. "Ìfigagbága" ni ì bá tọ̀nà. Èkejì, mo fi "àṣekágbá" pe ohun méjì: ìdíje ọlọ́jọ́ mélòó kan, àti ìfigagbága ẹni méjì tí ó gbẹ̀yìn rẹ̀. Àbá mi ni pé kí a pe ìdíje náà ní "ìdíje ìkádìí ọdún", kí a fi "àṣekágbá" sílẹ̀ fún ìfigagbága tó gbẹ̀yìn.

Ẹ̀yin akẹ́gbẹ́ mi, a kò yá ìkankan nínú ọ̀rọ̀ wọ̀nyí. Ẹni tí ó bá ní èyí tí ó sàn jù, kó mú un wá.