Ọkọ̀ Oníyàrá àti Ọkọ̀ Gbalasa: Èwo Ni Kí A Gbà Lọ Ṣeré Lórí Omi?

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ ka ọ̀rọ̀ mẹ́ta yìí sókè: ọ̀sà, ìgbì, ìdí ọkọ̀. Ọ̀sà ni omi ńlá tí ó wà láàárín ilẹ̀ àti òkun. Ìgbì ni omi tí ó ń ru sókè, tí ó sì tún ń wálẹ̀. Ìdí ọkọ̀ ni ẹ̀yìn ọkọ̀. A ó bá wọn pàdé nínú ẹ̀kọ́ yìí.

Ní ayé àtijọ́, ẹni tí ó bá wọ ọkọ̀ ní Ẹ̀pẹ́, ní Ìkòròdú tàbí ní Badagry, ọjà ni ó ń lọ, tàbí ẹja ni ó fẹ́ pa. Lónìí, àwọn mìíràn ń wọ ọkọ̀ kí wọ́n ṣáà lè gba atẹ́gùn. Nígbà ọdún Àjíǹde tàbí Iléyá, ẹgbẹ́ lè dáwó jọ kí wọ́n háyà ọkọ̀ lọ sí Tarkwa Bay ní Èkó. Mótò kò lè dé ibẹ̀. Omi ni ọ̀nà.

Bí ẹgbẹ́ yín bá dé èbúté, oríṣi ọkọ̀ méjì ni ó ṣeé ṣe kí wọ́n fi hàn yín. Ọ̀kan kò ní òrùlé, àfi bóyá ìbòrí aṣọ díẹ̀. Ìyẹn ni àwọn ará Èkó ń pè ní sípíìdì bóòtù. Èkejì ní ògiri, fèrèsé, ilẹ̀kùn àti òrùlé. Òmíràn tilẹ̀ ní ibùsùn àti ilé ìdáná kékeré. A ó pe ti àkọ́kọ́ ní ọkọ̀ gbalasa, a ó pe èkejì ní ọkọ̀ oníyàrá. Ẹ má fi ọ̀dà dídán yan ọkọ̀ o.

Ọkọ̀ gbalasa fúyẹ́. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sábà máa ń kọ́ sí ìdí ọkọ̀, lóde. Ole Evinrude, ọmọ ilẹ̀ Nọ́wè tí ó ń gbé ní Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ sí í ta irú ẹ́ńjìnnì àgbékọ́ bẹ́ẹ̀ ní 1909. Bí ọkọ̀ yìí bá ń rọra lọ, ṣe ni ó ń la omi kọjá bí ọkọ̀ àjẹ̀. Ṣùgbọ́n bí awakọ̀ bá tẹná mọ́ ọn, iwájú rẹ̀ á gbé sókè, á wá máa sáré lórí omi bí òkúta pẹlẹbẹ tí ọmọdé fi ju odò. Ìdí nìyí tí ó fi yára. Bí èrò bá pọ̀ jù, kò ní lè gòkè mọ́. Yóò kàn máa jẹ epo lásán, omi á sì sún mọ́ ẹnu rẹ̀.

Ibi tí ó ti dùn náà ni ewu rẹ̀ wà: kò sí ògiri tí ó dá èèyàn dúró. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ jókòó sí etí ọkọ̀. Iwájú ni ìgbì ti ń gbé èèyàn sọ mọ́lẹ̀ jù, egungun ẹ̀yìn sì lè fi ibẹ̀ ṣẹ́. Okùn kékeré kan tún wà tí awakọ̀ ń so mọ́ ọwọ́ tàbí itan rẹ̀. Bí ó bá ṣubú sómi, okùn yìí á já kúrò lára ẹ́ńjìnnì, ẹ́ńjìnnì á sì kú lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Bí kò bá so ó, ọkọ̀ tí kò ní awakọ̀ lè máa yí po, kí ó padà wá gun ẹni tí ó wà nínú omi. Àjẹ̀ irin tí ń yí lábẹ́ ẹ́ńjìnnì kò mọ olówó rẹ̀. A ti rí awakọ̀ tí ó fi okùn náà kọ́ sílẹ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀ ọ̀ṣọ́!

Ọkọ̀ oníyàrá ní tirẹ̀ dà bí ilé. Òjò kò pa èrò, oòrùn kò pa wọ́n, ọmọ ọwọ́ lè sùn. Ṣùgbọ́n ó wúwo, ó sì ń jẹ epo gan-an. Nítorí pé ó ga, atẹ́gùn ń tì í kiri. Bí àwọn ọ̀dọ́ bá gun òrùlé rẹ̀ lọ jó, òkè á wúwo ju ìsàlẹ̀ lọ, ọkọ̀ á sì fẹ́ dojú dé.

Ewu rẹ̀ tí ó burú jù ni èyí tí ojú kò rí. Èéfín ẹ́ńjìnnì ní gáàsì kan nínú tí à ń pè ní kábọ́ọ̀nù mónósáídì. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn. Òun náà ni ó ń pa ìdílé tí ó tan jẹnẹrétọ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kí wọ́n tó sùn. Bí a bá fà á símú, ó ń gba ipò afẹ́fẹ́ rere nínú ẹ̀jẹ̀ wa. Orí á kọ́kọ́ máa fọ́ èèyàn, òòyì á máa kọ́ ọ, èébì á fẹ́ gbé e. Lórí omi, àwọn èèyàn a rò pé ìgbì ni ó ń ṣe é. Wọ́n á ní, “Màmá, ẹ wọlé lọ dùbúlẹ̀ díẹ̀.” Inú yàrá yẹn gan-an ni ikú wà.

Bí ọkọ̀ ti ń lọ, tí fèrèsé iwájú wà ní pípa tí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn sì ṣí sílẹ̀, afẹ́fẹ́ tí ń yí lẹ́yìn rẹ̀ lè fa èéfín padà wọlé. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí atẹ́gùn gba iwájú wọlé. Bí orí bá ń fọ́ èèyàn méjì lẹ́ẹ̀kan náà, kí gbogbo yín jáde sí gbangba, kí awakọ̀ sì pa ẹ́ńjìnnì. Ẹ̀rọ kékeré kan wà tí ó ń ké bí gáàsì yìí bá wọ yàrá. Ọkọ̀ oníyàrá tí kò bá ní in, àwa kò ní jẹ́ kí ọmọ wa sùn nínú rẹ̀. Kí ẹni tí ó gba ọkọ̀ gbalasa má sì rò pé kò kan òun. Bí ọkọ̀ bá dúró tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, ẹni tí ó ń lúwẹ̀ẹ́ lẹ́bàá ìdí ọkọ̀ lè mí gáàsì náà.

Òórùn pẹtiróòlù náà ń fẹ́ àkíyèsí. Ooru pẹtiróòlù wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ó sì ń lọ sápamọ́ sí ìsàlẹ̀ inú ọkọ̀. Ìṣáná kan tó. Bí ẹ́ńjìnnì pẹtiróòlù bá wà nínú ọkọ̀, awakọ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tan fáànù tí ń fẹ́ ooru náà jáde fún ìṣẹ́jú 4, kí ó tó tan ẹ́ńjìnnì.

Ẹ̀wù tí ń múni léfòó kò ṣeé fi sílẹ̀ nínú ọkọ̀ méjèèjì. Kí ó bá ara mu, kí ẹ sì de okùn rẹ̀. Ti àgbàlagbà kì í ṣe ti ọmọdé. Ṣùgbọ́n nínú ọkọ̀ oníyàrá, bí omi bá kún yàrá, ẹ̀wù yìí lè gbé èèyàn lẹ̀ mọ́ òrùlé. Ẹ mọ ilẹ̀kùn àti fèrèsé tí ó ń ṣí kí ẹ tó jókòó, kí ẹ sì jáde ní kíá bí omi bá ti ń wọlé.

Èwo ni àwa yóò gbà nígbà náà? Bí ó bá jẹ́ ìrìn kúkúrú lórí ọ̀sà, ní òwúrọ̀ tí atẹ́gùn kò tíì le, tí ara gbogbo èrò sì le, ọkọ̀ gbalasa tẹ́ wa lọ́rùn. Ẹni tí ó bá ṣubú nínú rẹ̀, gbogbo ojú ni yóò rí i. Bí arúgbó, aboyún tàbí ọmọ ọwọ́ bá wà, tàbí tí ọ̀nà bá jìn, ọkọ̀ oníyàrá ni, bí fèrèsé rẹ̀ bá ń ṣí dáadáa. Ẹ rántí pé ọ̀nà Tarkwa Bay wà lẹ́bàá ibi tí ọkọ̀ òkun ńláńlá ń gbà wọ Àpápá. Ìgbì tí wọ́n fi sẹ́yìn lè da omi sínú ọkọ̀ gbalasa. Ní àkókò òjò, koríko orí omi olódòdó elésè àlùkò, tí a rí ní ìhà Badagry ní 1984, a máa gbilẹ̀ lórí ọ̀sà. Bí ó bá wé mọ́ àjẹ̀ irin, ẹ́ńjìnnì á kú sójú omi.

Ó ku ọ̀rọ̀ epo. Àwọn àgbà awakọ̀ ń pín epo sí ọ̀nà mẹ́ta: ìdá kan fún àlọ, ìdá kan fún àbọ̀, ìdá kan fún ohun tí a kò rò tẹ́lẹ̀. Bí líítà 30 bá wà nínú ọkọ̀, líítà 10 ni a ó fi lọ. Bí líítà 10 yẹn bá tán ká tó dé ibi tí à ń lọ, ẹ jẹ́ kí á yí padà.

Ẹ mú pẹ́ńsù. Líítà 45 wà nínú ọkọ̀ yín. Líítà mélòó ni ẹ ó fi lọ? Mélòó ni ẹ kò ní fọwọ́ kàn?