Fúláwà Kì Í Ṣe Igi: Mọ Ọ́n, Má Gbẹ́ Ẹ

“Mo gbẹ́ orí ọmọdé yìí láti inú fúláwà oníyọ̀.” Gbólóhùn yìí ni oníṣẹ́ ọnà kan kọ sábẹ́ iṣẹ́ rẹ̀. Iṣẹ́ náà wù mí gan-an, ọ̀rọ̀-ìṣe ni kò bá a mu. Igi là ń gbẹ́, torí pé irinṣẹ́ ń yọ lára igi náà dànù. Idẹ là ń dà, irin là ń rọ, amọ̀ là ń mọ. Ẹgbẹ́ amọ̀ sì ni fúláwà oníyọ̀: ọwọ́ ló ń tẹ̀ ẹ́, ọwọ́ ló ń ṣù ú.

Kí a tó mọ ọ́n, a ó pò ó: fúláwà ife 2, iyọ̀ ife 1, omi bí ife 1, díẹ̀díẹ̀. Ẹ ṣọ́ ohùn níbí. Ọ̀rọ̀-ìṣe onísílébù kan tó jẹ́ olóhùn ìsàlẹ̀ a máa di olóhùn àárín bí ọ̀rọ̀-orúkọ bá tẹ̀lé e. “Po fúláwà” là ń kọ, ṣùgbọ́n “pò ó”. “Kun ilé”, ṣùgbọ́n “kùn ún”. Iyọ̀ inú rẹ̀ ńkọ́? Apá kan rẹ̀ yọ́ ni. Kò yọ, kò sì yọ̀.

Ó wá ku tàdáwà tí oníṣẹ́ ọnà náà fi ṣe iṣẹ́ rẹ̀ lọ́ṣọ̀ọ́. Ìńkì ni ọ̀pọ̀ ń pè é báyìí, n kò sì bá wọn jà, àmọ́ tàdáwà ni mo fẹ́ràn jù. Ọwọ́ Hausa la ti gbà á, inú èdè Lárúbáwá ló ti ṣẹ̀ wá, ó sì ti pẹ́ tó ti ń bá wàláà àwọn ọmọ ilé-kéwú rìn. Bí a bá fi gègé fa ìlà, a yà á ni. Bí a bá fi búrọ́ọ̀ṣì tẹ́ ẹ, a kùn ún. Bó bá ń já bọ́ lẹ́kán-lẹ́kán sórí fúláwà tútù, tó ń tàn káàkiri, a kán an sí i ni.

Àwọn kan ń sọ pé àwọ́n “rẹ” fúláwà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wo aládìrẹ ẹlẹ́kọ ní Abẹ́òkúta. Ẹ̀kọ láfún ni wọ́n ń fi ìyẹ́ adìyẹ yà sára aṣọ, kí aró má baà dé ibẹ̀. (Ẹ̀kọ ni o, kì í ṣe ẹ̀kọ́.) Inú ìkòkò aró ni aṣọ ń wọ̀ pátápátá, òun ni wọ́n ń rẹ.

Oníṣẹ́ ọnà wa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún un kọ báyìí: “Mo fi fúláwà oníyọ̀ mọ orí ọmọdé yìí, mo sì kán tàdáwà sí i nígbà tí ara rẹ̀ ṣì tutù.”