Ẹ̀kọ́ Lára Àwọn Olùṣọ́ Iná

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, bí ohun èlò ìpaná ilé kan bá bàjẹ́, kí ni yóò dáàbò bò ó? Ojú olùṣọ́ ni.

Ní alẹ́ ọjọ́ 29 oṣù Dìsẹ́ḿbà, ọdún 1940, àwọn ará Jámánì da bọ́ǹbù oníná sórí Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn páìpù omi fọ́, odò Thames sì ti fà. Ṣùgbọ́n àwọn olùṣọ́ wà lórí ṣọ́ọ̀ṣì ńlá St. Paul pẹ̀lú omi, iyanrìn àti pọ́ǹpù ọlọ́wọ́. Bọ́ǹbù kan há sínú òjé tí ó bo òrùlé rìbìtì rẹ̀, òjé náà sì bẹ̀rẹ̀ sí yọ́. Nígbà tí ó jábọ́ síta, wọ́n pa á. Ilé náà kò jóná.

Nítorí náà, kí olùṣọ́ má ṣe sùn. Kí ó máa rìn yí ilé ká, kí ó mọ ọ̀nà àbájáde àti ẹni tí yóò ké sí. Kí ó má sì ṣe kúrò níbẹ̀ títí a ó fi tún ohun èlò náà ṣe.