Ìyanṣẹ́lódì àti Àpótí Ìbò

Ìbéèrè: Bí ìyanṣẹ́lódì bá lè dá ìlú dúró, kí ló dé tí àwọn òṣìṣẹ́ kò fi gba ìjọba? (Olùkàwé kan, Ìwáyà)

Ìdáhùn: Ìyanṣẹ́lódì, ìyẹn ni pé kí àwọn òṣìṣẹ́ fìmọ̀ ṣọ̀kan láti fi iṣẹ́ sílẹ̀ títí agbanisíṣẹ́ yóò fi gbọ́ tiwọn, fi agbára hàn nítòsí Ìwáyà gan-an ní oṣù kẹfà ọdún 1945, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè Èbúté-Mẹ́ta àti àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba mìíràn dáṣẹ́ sílẹ̀, nítorí pé Ogun Àgbáyé Kejì ti sọ oúnjẹ di ọ̀wọ́n gógó tí owó iṣẹ́ kò sì kúrò lójú kan. Ṣílè méjì ààbọ̀ lóòjọ́ ni wọ́n ń béèrè fún ẹni tí owó rẹ̀ kéré jù lọ. Fún ohun tó lé ní ogójì ọjọ́, ẹ́ńjìnnì tí kò rí ẹni kó èédú sí i kò lè fọn fèrè, Michael Imoudu, olórí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ rélùwéè tí ìjọba amúnisìn ṣẹ̀ṣẹ̀ dá sílẹ̀ sì di akọni wọn. Ní 1964, ìyanṣẹ́lódì ọjọ́ 13 tún mú kí ìjọba fi kún owó iṣẹ́.

Síbẹ̀, nínú ìbò tó parí ọdún náà, ẹgbẹ́ òṣèlú àwọn òṣìṣẹ́ kò rọ́wọ́ mú. Kò yẹ kó yani lẹ́nu púpọ̀: àgbẹ̀ ló pọ̀ jù lọ nílẹ̀ Nàìjíríà nígbà náà, òṣìṣẹ́ tó sì bá ẹni ẹ̀yà mìíràn dáṣẹ́ sílẹ̀ ní oṣù kẹfà, ẹgbẹ́ ẹ̀yà tirẹ̀ ló dìbò fún.