Agbẹnusọ fún Ọmọ Aláàbọ̀ Ara ní Ilé-Ẹ̀kọ́

Ẹ̀kọ́ ti oṣù yìí jẹ́ ti ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin òbí ní Ìjerò, Arámọ̀kọ, Ẹ̀fọ̀n-Aláayè àti àwọn ìletò tí ó yí wọn ká. Ó kan ọmọ tí etí rẹ̀ kò gbọ́ràn, tàbí tí ojú rẹ̀ kò ríran, tàbí tí ẹ̀kọ́ kì í tètè yé, tí ìyá rẹ̀ mú lọ sí ilé-ẹ̀kọ́, tí a sì wí fún un pé, "Ẹ mú un padà sílé, kò lè kọ́ ohunkóhun." Ìyá náà a dúpẹ́, a sì padà, nítorí ó gbà pé ẹni tí ó mọ̀wé ju òun lọ ni ó dájọ́. Láti ọjọ́ náà lọ, ọmọ náà ni yóò máa ṣọ́ ilé nígbà tí ẹgbẹ́ rẹ̀ bá gbé àpò ìwé kọ́ èjìká. Ǹjẹ́ ta ni ì bá bá ìyá yìí sọ̀rọ̀ níwájú ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́?

Ní ilẹ̀ òkèèrè irú ẹni bẹ́ẹ̀ wà, a sì lè fi owó bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́. Ní Amẹ́ríkà, òfin kan tí wọ́n ṣe ní 1975 pa á láṣẹ pé kí ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba kọ ìlànà ẹ̀kọ́ sílẹ̀ fún olúkúlùkù ọmọ aláàbọ̀ ara, àti pé kí a pe òbí sí ìjókòó tí a ó ti kọ ọ́. Ṣùgbọ́n ìjókòó náà kún fún àwọn aláṣẹ àti ọ̀rọ̀ líle. Nítorí náà ni àwọn òbí mìíràn fi ń wá ẹni tí yóò bá wọn jókòó, tí yóò ka ìwé náà yé wọn, tí yóò sì béèrè ohun tí àwọn kò mọ̀ bí a ti í béèrè. Agbẹnusọ ni, kì í ṣe agbẹjọ́rò. A kò béèrè ìwé-àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀ kí ó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Nítorí náà òbí tí ó gbọ́n a kọ́kọ́ bi í pé, Ọmọ ta ni ìwọ ti ràn lọ́wọ́ rí? Èló ni ìwọ yóò gbà? Ní England, ọ̀nà mìíràn ni wọ́n tọ̀. Lábẹ́ òfin ti 2014, bí òbí bá béèrè pé kí a yẹ ọmọ òun wò, ìjọba ìbílẹ̀ gbọ́dọ̀ dáhùn láàrin ọ̀sẹ̀ 6. Bí ó bá sì yẹ kí a kọ ìlànà fún ọmọ náà, a gbọ́dọ̀ parí rẹ̀ láàrin ọ̀sẹ̀ 20. Ìjọba ìbílẹ̀ kan náà ni ó gbọ́dọ̀ pèsè ẹni tí yóò gba òbí nímọ̀ràn lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ní ará ní London, ẹ kọ èyí sí wọn.

Ní ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín iṣẹ́ yìí kò tí ì di òwò, ṣùgbọ́n òfin wà. Òfin ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti 2004 sọ ọ́ di dandan fún ìjọba láti pèsè ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ fún gbogbo ọmọ títí dé kíláàsì kẹta ní ilé-ẹ̀kọ́ sẹ́kọ́ńdírì. Òfin tí Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí ní oṣù January 2019 sì kọ̀ fún ẹnikẹ́ni láti ya aláàbọ̀ ara sọ́tọ̀ nínú ẹ̀kọ́. Ó fún un ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ títí dé òpin sẹ́kọ́ńdírì, ó sì wí pé kí ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba kọ̀ọ̀kan ní, ó kéré tán, ẹnì kan tí a ti kọ́ láti tọ́jú ẹ̀kọ́ irú àwọn wọ̀nyí. Kí a má tan ara wa: ilé-ẹ̀kọ́ tí ó ní irú olùkọ́ bẹ́ẹ̀ kò wọ́pọ̀, ẹ̀yin olùkọ́ sì mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Òfin tí ẹnì kan kò tọ́ka sí, inú àpótí ni yóò máa gbé.

Àwọn àgbà wí pé ìyá odi ni í gbọ́ èdè odi. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n ìyá odi kì í sábà gbọ́ èdè ọ́fíìsì. Ẹni tí ó lè gbọ́ èdè méjèèjì ni a ń wá: olùkọ́ tí ó ti fẹ̀yìntì, tàbí ọmọ ìjọ tí ó lè kọ lẹ́tà tí ó gún régé. Ohun àkọ́kọ́ tí yóò ṣe ni kí ó jókòó ti ìyá náà, kí ó sì kọ ohun tí ọmọ lè ṣe sílẹ̀, kì í ṣe ohun tí kò lè ṣe nìkan. Ǹjẹ́ ó ń bojú wo ẹnu ẹni tí ń sọ̀rọ̀? Ǹjẹ́ ó ń ka owó bí a bá rán an lọ́jà? Lẹ́yìn èyí, kí wọ́n mú un lọ sí ilé-ìwòsàn, irú èyí tí Ìjọba Àpapọ̀ ní ní Ìdó-Èkìtì, kí a yẹ etí àti ojú rẹ̀ wò. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí a ń pè ní olódo ni ó jẹ́ pé ohùn olùkọ́ kò dé etí wọn.

Nígbà tí wọ́n bá dé iwájú ọ̀gá, kí agbẹnusọ má gba ọ̀rọ̀ mọ́ òbí lẹ́nu. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni kí ó jókòó sí. Bí ọ̀gá bá kọ̀, kí ó fi ìrẹ̀lẹ̀ bẹ̀ ẹ́ pé kí ó kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀. Ohun kékeré ni èyí, ṣùgbọ́n ó lágbára púpọ̀: ẹni tí ó lè fi ẹnu lásán lé ọmọ lọ a máa ronú lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó fọwọ́ sí i. Láti ibẹ̀ ni kí wọ́n gbé ìwé lọ sọ́dọ̀ Akọ̀wé Ètò Ẹ̀kọ́ ní ìjọba ìbílẹ̀ wọn, ní Ìjerò, ní Arámọ̀kọ tàbí ní Ẹ̀fọ̀n, àti lẹ́yìn náà sí Àdó. Kí wọ́n pa ẹ̀dà ìwé kọ̀ọ̀kan mọ́.

Ibi kan wà tí agbẹnusọ gbọ́dọ̀ ti ṣọ́ra. Kì í ṣe gbogbo ọmọ ni kíláàsì ìlú rẹ̀ dára fún. Èdè tòótọ́ ni èdè ọwọ́ àwọn adití. Bí a bá fi ọmọ adití sí àárín 50 ọmọ tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò mọ̀ ọ́n, ìjókòó lásán ni a fún un. Andrew Foster, ará Amẹ́ríkà tí ó di adití ní ọmọ ọdún 11, mọ èyí lára. Òun ni ó dá ilé-ẹ̀kọ́ adití sílẹ̀ ní Ghana ní 1957 àti ní Ìbàdàn ní 1960. Àwa ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn adití ní Ìkòrò-Èkìtì, kò jìnnà sí Ìjerò. Ṣùgbọ́n ọmọ arọ tí orí rẹ̀ pé, èé ṣe tí a ó fi lé e kúrò ní ìlú rẹ̀? Àtẹ̀gùn ni kí a tún ṣe.

Ní ti owó, owó ọkọ̀ àti ti ìwé tọ́ sí agbẹnusọ. Ẹni tí ó bá ní òun yóò ra àyè fún ọmọ, kí ẹ sá fún un. Bí ọ̀ràn bá di ti ilé-ẹjọ́, àjọ ìjọba kan wà tí ń pèsè agbẹjọ́rò ọ̀fẹ́ fún tálákà, Legal Aid Council ni orúkọ rẹ̀. Kí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ kí ìsinmi ńlá tó dé ní oṣù July, kí èsì ìwé lè ti Àdó padà kí ilé-ẹ̀kọ́ tó wọlé ní September.