Ìsọ̀kalẹ̀ Méjì: Ti Ọkọ̀ Ojú Irin àti Ti Agbára Ara

Ọ̀rọ̀ kan ń bẹ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, èyíinì ni detraining, tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ méjì. Èkíní ni sísọ̀kalẹ̀ láti inú ọkọ̀ ojú irin. Èkejì ni àdínkù tí í bá agbára ara nígbà tí ènìyàn bá ṣíwọ́ iṣẹ́ tí ó ti mọ́ ọn lára.

Ti èkíní. Ojú irin láti Èkó dé Ìbàdàn ní 1901, ó sì dé Òṣogbo ní 1907, ṣùgbọ́n kò gba Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà kọjá. Òṣogbo ni èrò Ìjẹ̀ṣà ti ń sọ̀kalẹ̀ nígbà náà. Ẹni tí ó bá fò sílẹ̀ kí ọkọ̀ tó dúró fi ara rẹ̀ wewu, nítorí eré ọkọ̀ ṣì ń bẹ lára rẹ̀: ilẹ̀ dá ẹsẹ̀ dúró, ara kò tíì dúró, a sì ṣubú.

Ti èkejì. Ìsọ̀kalẹ̀ yìí kò ní ariwo. Bí ẹni tí ń kọ ebè bá dùbúlẹ̀ àìsàn, láàárín ọjọ́ díẹ̀ ni omi inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń dín. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin, èémí rẹ̀ kò gbé iṣẹ́ àtijọ́ mọ́. Ní 1966, ní Dallas ní Amẹ́ríkà, ọ̀dọ́kùnrin 5 dùbúlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 3 kí àwọn oníṣègùn lè yẹ̀ wọ́n wò. Agbára èémí wọn dín ju ìdá kan nínú mẹ́rin lọ. Lẹ́yìn ọgbọ̀n ọdún, a rí i pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta náà ti dín in kù ju bí ọgbọ̀n ọdún ti ṣe lọ. Síbẹ̀, oṣù mẹ́fà tí wọ́n fi ń ṣe eré ìdárayá díẹ̀díẹ̀ dá a padà.

Nítorí náà, nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀:

1. Kí ẹni tí ibà ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sílẹ̀ kọ́kọ́ máa rìn yí ilé ká, kí ó tó gbé ọkọ́.

2. Kí ó fi iṣẹ́ wákàtí kan bẹ̀rẹ̀, kí ó sì máa fi kún un lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

3. Bí àyà bá ń dùn ún tàbí òòyì bá ń kọ́ ọ, kí ó jókòó, kí a sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

4. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí ara líle má ṣe jókòó lásán. Iṣẹ́ agbára lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ a máa pa púpọ̀ nínú agbára mọ́.

Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Díẹ̀díẹ̀ náà ni agbára ń padà wọ ara.